Ta ló kù tó lè pa kọ̀ǹpútà nídìí ṣẹ́ẹ̀sì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní láti ọdún 1997 ni kò ti sí ọmọ ènìyàn tó lè pa kọ̀ǹpútà nídìí ṣẹ́ẹ̀sì mọ́. Èmi ò gbà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé màgòmágó ni ilé-iṣẹ́ IBM fi pa Kasparov, olúborí àgbáyé ìgbà náà, wọ́n sì yára gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀ kí ọkùnrin náà má bàa gbẹ̀san. Tí wọ́n bá fún Magnus Carlsen, ará Norway tó ti jẹ olúborí àgbáyé, ní wákàtí mẹ́wàá lórí ayò kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gba gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ti há sórí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní í pa á ni? Ẹ̀rọ kàn ń ka oókan-eéjì ni, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta ni kó dá mi lóhùn.

* * *

Àbúrò, ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, ọ̀rẹ́ rẹ jàre. Ọdún tó mú dání ni kò tọ̀nà. 1997 kọ́ ni agbára bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé ń pè.

Ní oṣù kejì ọdún 1996, ní Philadelphia, Deep Blue, ẹ̀rọ IBM náà, pa Kasparov nínú ayò àkọ́kọ́, ariwo rẹ̀ sì gba ìgboro kan. Ohun tí wọn ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ ni pé Kasparov ló gba ìdíje náà níkẹyìn, 4 sí 2. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997 wọ́n tún pàdé ní New York, ayò mẹ́fà. Kasparov gba èkíní, ẹ̀rọ gba èkejì, mẹ́ta tó tẹ̀lé e jẹ́ ọ̀mì, Deep Blue wá gba ẹ̀kẹfà. 3.5 sí 2.5. Ayò kan péré ló wà láàárín wọn.

Ẹ wá wo ayò méjì tí ọkùnrin náà pàdánù. Nínú èkejì, ó túúbá. Àwọn tó tú ayò náà palẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀nà ọ̀mì ṣì wà níbẹ̀, pé ayaba rẹ̀ ì bá máa lé ọba ẹ̀rọ náà kiri láìdáwọ́ dúró. Ayò tí kò tíì kú ló sin. Nínú ẹ̀kẹfà, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Caro-Kann ta á, ó sún pawn (ọmọ ayò tó kéré jù) sí ojú h6 lásìkò tí kò yẹ kó sún un, ẹ̀rọ fi ẹṣin rúbọ ní e6, ìgbésẹ̀ 19 kò sì kọjá kó tó tán. Ẹṣin tó fi rúbọ yẹn, Deep Blue kọ́ ló ronú kàn án. Inú àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayò tí àwọn ènìyàn kó sí i lára ló ti fà á yọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí pé ta ló mọ ayò jù nínú àwọn méjèèjì ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Kasparov ni màá sọ. Ọkàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọ́, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Màgòmágó ńkọ́? Ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn wà nínú ayò kejì, ó ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà ń rò jáde. IBM gbé àkọsílẹ̀ náà síta lẹ́yìn náà, n kò sì tíì rí ẹni tó fi í múlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni sún ọmọ kankan fún ẹ̀rọ. Ibi tí ìrẹ́jẹ wà, ìta gbangba ló wà. Àwọn Feng-hsiung Hsu àti Murray Campbell tó kọ́ ẹ̀rọ náà ní gbogbo ayò tí Kasparov ti ta láti kékeré. Kasparov kò rí ayò ìgbáradì kan ti Deep Blue tuntun yẹn. Joel Benjamin tó jẹ́ grandmaster, oyè tó ga jù fún ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì láṣẹ láti tún ẹ̀rọ ṣe láàárín ayò kan sí èkejì. Nígbà tí ọkùnrin náà ní kí àwọn tún un ta, wọ́n kọ̀, wọ́n sì tú Deep Blue ká. Inú ń bí mi sí èyí títí dòní, nítorí àfiwéra tí gbogbo wa ń fẹ́ ni wọ́n dá dúró lágbede méjì.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé: «Bí Kasparov bá ṣì mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní 1997, ìgbà wo gan-an ló wá yí padà?»

Láàárín 2002 sí 2006. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fò nínú ìtàn, àwọn ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ rántí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọjọ́ yìí. Ní 1968, David Levy tó jẹ́ ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ Scotland ta tẹ́tẹ́ pé kò ní í sí kọ̀ǹpútà tó máa pa òun títí ọdún mẹ́wàá. Ní 1978 ó pàdé Chess 4.7 ní Toronto, ó sì gba owó rẹ̀, 3.5 sí 1.5, àmọ́ ẹ̀rọ náà ti rí ayò kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1989, Kasparov ta ayò méjì pẹ̀lú Deep Thought, bàbá Deep Blue, ó sì gba méjèèjì.

Ní 2002, Vladimir Kramnik tó ti gba adé lọ́wọ́ Kasparov pàdé Deep Fritz, ètò ṣẹ́ẹ̀sì orí kọ̀ǹpútà, ní Bahrain. Wọ́n fún un ní ètò náà ṣáájú kó fi gbáradì, èyí tí Kasparov kò rí. Kíá ló gba méjì, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí. Ẹ̀rọ tún gba méjì padà, ó di 4 sí 4. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003 Kasparov àti Deep Junior pín in 3 sí 3. Ní ìparí ọdún kan náà, òun àti X3D Fritz pín in 2 sí 2. Tí ẹ bá ń wá àsìkò tí ènìyàn àti ẹ̀rọ dọ́gba, òun nìyẹn. Ọdún méjì péré.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tì. Ní oṣù kẹfà 2005, ní London, Michael Adams tó wà lára àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé pàdé Hydra, ẹ̀rọ ńlá kan tó wà ní Abu Dhabi. Ayò mẹ́fà. Hydra gba márùn-ún, Adams rí ọ̀mì kan. Kò sí ayò kan níbẹ̀ tí ènìyàn ti sún mọ́ ìjáwé olúborí.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni Bonn, ìparí 2006. Kramnik ni olúborí àgbáyé tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Deep Fritz pa á 4 sí 2: ọ̀mì mẹ́rin, ẹ̀rọ gba méjì, ènìyàn kò gba ìkankan. Nínú ayò kejì ni ohun tí gbogbo ayé fi rántí ìdíje náà ti ṣẹlẹ̀. Kramnik gbé ayaba rẹ̀ sọdá, kò rí i pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ayaba ẹ̀rọ pa ọba òun láti ojú h7. Olúborí àgbáyé! Àwọn kan ń fi èyí sọ pé àṣìṣe lásán ni, pé ayò náà kò kà. Èmi rò pé ó kà dáadáa. Ẹni tó ń ta ayò wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú ohun tí kì í rẹ̀, tí kì í bẹ̀rù, tí kì í wo aago, ara máa ń rẹ̀ ẹ́ níbi tí kò retí. Ìyẹn náà wà lára àfiwéra. Ẹ ò lè yọ àárẹ̀ kúrò lára ọmọ ènìyàn kí ẹ tó fi í wé ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn Bonn, mi ò rí ìdíje ńlá kan tí olúborí àgbáyé ti fi ọmọ tó pé jókòó kọjú sí ẹ̀rọ tó lágbára jù lọ mọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi owó sí ohun tó ti mọ òpin rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan tún wọlé: «Ẹ̀rọ ńlá-ńlá ni gbogbo ìyẹn. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré wá, ká wò ó.»

Wọ́n ti gbé e wá. Ní oṣù kẹjọ 2009, ní Buenos Aires, Pocket Fritz 4 kópa nínú ìdíje Copa Mercosur láti orí fóònù. Máàkì 9.5 nínú 10 ló gbà. Deep Blue ń wo nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù ipò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò orí fóònù yìí kò wo tó 20,000. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín wọn, ìwọ̀n tó ń wò sì ti já sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, síbẹ̀ ó ń ta bí olúborí àgbáyé.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé irin ńlá ló ń pa ènìyàn, kó wo èyí. Mímọ ohun tí kò yẹ ní wíwò ló gbé e dé ibẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí «ẹ̀rọ kàn ń ka oókan-eéjì ni, kò mọ ohun tó ń ṣe.» Gbólóhùn yìí ni mo ń bá àwọn ènìyàn fà jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ fún Deep Blue, àwọn ènìyàn sì ti dì í mú láti ìgbà náà láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ayé ìgbà yẹn, ọmọ ènìyàn ló ń jókòó tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọba tó fara pamọ́ dára tó báyìí, pawn tó dá wà níkan burú tó báyìí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kó fi ìwọ̀n yẹn kà jìnnà. Stockfish, ẹ́ńjìnnì (ètò tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì) tí gbogbo wa ń lò lónìí, tó jáde ní 2008 láti inú Glaurung ti Tord Romstad, ará Norway, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù kejìlá 2017, DeepMind, ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ Google, fi ètò wọn AlphaZero hàn. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì nìkan ni wọ́n fún un. Kò sí ayò ọmọ ènìyàn kankan, kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé bíṣọ́ọ̀bù méjì dára. Ó ń bá ara rẹ̀ ta, ó ń fi èyí tó gbà àti èyí tó pàdánù tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní láàárín wákàtí mẹ́rin ó ti kọjá Stockfish 8. Nínú ayò 100, ó gba 28, ó ta ọ̀mì 72, kò pàdánù ìkankan.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí èyí, ó sì yẹ kó bẹ́. Ìṣẹ́jú kan lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún Stockfish, nígbà tí wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣètò àkókò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àyè ìrántí tí wọ́n fún un kéré. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ pé ayò náà kò dọ́gba, mo sì dúró tì í. Àmọ́ ní ọdún kejì wọ́n gbé èsì tó gùn jáde, ayò 1,000, wákàtí mẹ́ta fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: AlphaZero gba 155, ó pàdánù 6, ìyókù jẹ́ ọ̀mì. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò ju èsì lọ: nínú ìròyìn àkọ́kọ́, ipò 80,000 ni AlphaZero ń wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Stockfish ń wo 70 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń ka díẹ̀ ló ń pa ẹni tó ń ka púpọ̀.

Ẹ tún wo bó ṣe ń ta. Ó ń jọ̀wọ́ pawn kan, méjì, láì rí èrè kankan nítòsí, kí ọmọ ẹlòmíràn sáà lè há síbì kan fún ogún ìgbésẹ̀. Ó ń sún pawn ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n lọ síwájú ọba ọ̀tá bí ẹni pé ilé ń jó. Àwọn àgbà kọ́ wa pé kí á má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn grandmaster wò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án 2020, nígbà tí Stockfish 12 jáde, Stockfish fúnra rẹ̀ ti gba irú ọpọlọ yìí sára, èyí tí wọ́n ń pè ní NNUE. Nídìí shogi, ayò àwọn ará Japan, ni ọ̀gbẹ́ni Yu Nasu ti kọ́kọ́ hùmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń lò báyìí láti mọ ipò tó dára ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè jókòó kó kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ lè sọ pé kò mọ̀. Èmi kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí màá fi pe kí ènìyàn wo ọpọ́n, kó sì rí ibi tí ayò ń lọ kó tó dé ibẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ti ṣe ìṣirò sílẹ̀ pé Elo, òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, ti Stockfish ju 3,600 lọ, ti Carlsen tó ga jù lọ láyé rẹ̀ jẹ́ 2,882 ní 2014, nítorí náà àlàfo náà ju 700 lọ. Ó ní bí wọ́n bá ta 100, Carlsen á rí nǹkan bíi máàkì kan ààbọ̀.

Ìṣirò náà pé. Òṣùwọ̀n tó fi ṣe é ni kò pé. Elo kì í wọn agbára bí a ṣe ń wọn gígùn aṣọ. Ẹni tí o bá ń bá ta ló ń sọ iye rẹ. Àwọn grandmaster ń bá ara wọn ta, àwọn ẹ́ńjìnnì ń bá ara wọn ta, ọ̀nà kò sì pa ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kóńgò Bódìjà àti kóńgò Mushin ni. Iye tí wọ́n kọ sára wọn lè bára mu, ìrẹsì inú wọn kò ní í dọ́gba.

Tí ẹ bá kàn fẹ́ mọ bí irú àlàfo yẹn ṣe ń rí lójú ọpọ́n, ẹ rántí Tbilisi ní 2017. Ọmọ wa Olúwafẹ́mi Balógun ló pàdé Carlsen ní ìpele àkọ́kọ́ Ife Àgbáyé. Àlàfo wọn lé ní 500. 2 sí 0. Balógun sì mọ̀ ọ́n ta. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàfo nìyẹn láàárín ènìyàn méjì tí ebi lè pa, tí oorun lè kùn.

Òṣùwọ̀n tí mo gbà gbọ́ ni ti ayé àtijọ́: kí ẹni tó lágbára yọ ọmọ kan fún ẹni tí kò lágbára tó o kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, ká wo iye tó lè yọ tí á ṣì dọ́gba. Ní 2007, ẹ́ńjìnnì Rybka yọ pawn kan fún grandmaster Jaan Ehlvest nínú ayò kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣì gba ìdíje náà. Ní oṣù kìíní 2016, ẹ́ńjìnnì Komodo fún Hikaru Nakamura, ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù láyé, ní oríṣiríṣi ìrọ̀rùn báyìí nínú ayò mẹ́rin. Mẹ́ta jẹ́ ọ̀mì, Komodo gba ẹ̀kẹrin. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti kọ́ ẹ́ńjìnnì Leela láti máa fi ẹṣin kan dín ta lórí Lichess, ìkànnì ayélujára tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì ń na grandmaster nínú ayò oníṣẹ́jú díẹ̀. Ẹṣin odidi! Láti ìgbà tí mo ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, n kò rò pé màá rí èyí.

Èyí ni iye tó yẹ kí a máa pè. Kì í ṣe 3,600. Ẹ sọ pé: nínú ayò kíákíá, ẹ́ńjìnnì tó dára jù ju grandmaster lọ ní nǹkan bí ẹṣin kan. Ẹni tó bá ti ta ayò rí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

* * *

Ẹnìkan bèèrè nípa ayò ọlọ́pọ́n. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Awari, ìbátan ayò wa, ihò 12, ọmọ 48, òfin rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam yanjú rẹ̀ pátápátá: ipò tó lé ní 889 bílíọ̀nù ni wọ́n tú, wọ́n sì rí i pé bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ta á láìṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Dráàfù ojú 64 tí wọ́n ń ta ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n yanjú rẹ̀ ní 2007, ọ̀mì. Ṣẹ́ẹ̀sì kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá ku ọmọ méje lójú ọpọ́n, ọba mọ́ ọn, ni wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ju ìyẹn lọ, Stockfish fúnra rẹ̀ ń fojú díwọ̀n ni.

* * *

«Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá sí ibì kankan tí a ti sàn jù ni?»

Ó wà, àmọ́ ó ti ń dín kù. Nínú ayò kẹta pẹ̀lú X3D Fritz ní 2003, Kasparov ti gbogbo ọpọ́n pa, pawn kọjú sí pawn, kò sí ọ̀nà. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tó kàn. Ó ń sún bíṣọ́ọ̀bù lọ, ó ń sún un bọ̀, títí Kasparov fi fọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé pa á. Ohun tí wọ́n ń pè ní ayò apakọ̀ǹpútà nìyẹn. Àwọn kan ṣì ń dámọ̀ràn rẹ̀ fún Carlsen. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn ẹ́ńjìnnì òní mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn fọ́ odi kó tó dí tán.

Ibi tó ṣì kù ni odi tó ti dí ná. Ní 2017, Penrose Institute gbé ipò kan síta níbi tí dúdú ti ní ayaba, rook méjì, àti bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó wà lórí àwọ̀ kan náà. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn pariwo pé dúdú ti gbà á. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò tó bá wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á rí i pé ọba funfun kàn ní láti máa rìn lórí ojú funfun, pé kò sí ohun tó lè kàn án. Ẹ̀rọ ń ka ọmọ, ènìyàn rí i pé ọmọ náà kò rọ́nà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ wo London, oṣù kọkànlá 2018, ayò kẹfà láàárín Carlsen àti Caruana. Lápá ìparí, Caruana ní ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú pawn díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Norway tó ń tẹ̀ lé ayò náà pariwo pé ó ti gbà á: bíṣọ́ọ̀bù sí h4, lẹ́yìn náà kó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹṣin rẹ̀ lọ sí g1, níbi tó ti máa há. Caruana kò rí i. Kò sí ẹni tó rí i. Ó di ọ̀mì. Kasparov ní tí Caruana bá ta á bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lára ènìyàn wá láti yẹ ara rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, bóyá ó fi ẹ̀rọ pamọ́.

Olúborí àgbáyé àti ẹni tó ń bá a dupò ni wọ́n o, wákàtí púpọ̀ sì ti lọ lórí ayò náà. Àǹfààní wà níwájú wọn, kò sì sí nínú ohun tí ojú ènìyàn ń wá.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ló kù, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì gbọ́ èyí dáadáa.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Surulere. Tí ọmọ bá ta ayò tán, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni kó gbé e sínú ẹ́ńjìnnì orí fóònù. Ó rí +1.5, pé òun fi bíi pawn kan ààbọ̀ ṣíwájú lójú ẹ̀rọ, ó ní «mo ti gbà á níbí.» Mo bi í pé báwo? Kò mọ̀. +1.5 yẹn, nínú ọwọ́ Stockfish ni. Ó lè wá láti inú ìlà kan tó gùn tó ìgbésẹ̀ 20, tí ọmọ náà kò ní í rí ẹyọ kan níbẹ̀. Ipò tí ẹ́ńjìnnì pè ní òdo, 0.00, lè jẹ́ ipò tí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọ̀nà kan ṣoṣo tóóró láti fi yè, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì lè ta á bó ṣe wù ú. Láàárín ènìyàn sí ènìyàn, wọn ò dọ́gba rárá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi sún ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó gbà ń tẹ̀síwájú. Àwọn tí kò gbà ń há ìlà sórí, tí ọ̀tá bá sì yà kúrò nínú ìlà náà, wọ́n a dúró bí ẹni tí iná kú mọ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan ní kí ọmọ máa bá Stockfish tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù ta. N kò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni pé kó ta dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kó wá ju ayaba nù láìnídìí. Ènìyàn kì í ṣàṣìṣe báyẹn. Ẹ wá Maia lórí Lichess. Ayò àwọn ènìyàn gidi tí kò tíì di ọ̀ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, kó lè ta bí wọ́n ṣe ń ta, àṣìṣe wọn mọ́ ọn.

Nípa fífi ẹ́ńjìnnì ṣe màgòmágó: ẹ má ṣe dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2019, ní Strasbourg, wọ́n ká grandmaster kan mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Grandmaster! Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ̀ pé ohun tó wà nínú àpò òun lágbára ju ẹnikẹ́ni láyé lọ, ìdẹwò ńlá ni fún un, a sì gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́ kó tó ṣe é.

* * *

Àbúrò tó béèrè, mo padà sọ́dọ̀ rẹ. Wákàtí mẹ́wàá, kò sí àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayò.

Gbígba àkọsílẹ̀ yẹn kúrò kò ní í ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹ́ńjìnnì òní ń rí ìbẹ̀rẹ̀ tó dára fúnra rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, bí AlphaZero ṣe rí i. Carlsen ni yóò jìyà rẹ̀ jù tí ẹ bá gba ohun tí a há sórí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì.

Wákàtí mẹ́wàá á ràn án lọ́wọ́, á dín àṣìṣe kù. Ṣùgbọ́n àkókò kan náà ni ẹ ó fún ẹ̀rọ, ara Carlsen á sì ti gbó ní wákàtí kẹfà. Tó bá mú funfun, tó sì ń wá ọ̀mì nìkan, mo gbà pé ó lè rí ọ̀mì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì oníwèé, níbi tí wọ́n ti gbà kí ènìyàn lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì ń ronú lórí ìgbésẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọ̀mì ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó fi hàn wá ni pé ayò yìí nira láti gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣàṣìṣe. Kí Carlsen pa á pẹ̀lú ọmọ tó pé? Rárá.

Níbi tí ẹ̀yin méjèèjì ti lè ta tẹ́tẹ́ tó dùn ni ọmọ tí ẹ̀rọ máa yọ. Yọ rook kan: Carlsen, láìjanpata. Yọ ẹṣin kan pẹ̀lú wákàtí mẹ́wàá yẹn: Carlsen náà ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìyára ni Leela fi ń na àwọn grandmaster nínú ayò kíákíá, wákàtí mẹ́wàá á sì gba ohun ìjà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Yọ pawn f7 nìkan, kí Carlsen mú funfun: èyí ni ẹnu mi kò tíì kò lé lórí. Nakamura rí ọ̀mì nínú irú rẹ̀ ní 2016, ẹ́ńjìnnì sì ti le sí i gan-an láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ti fi f7 dín ta pẹ̀lú Stockfish tuntun lásìkò gígùn, kó gbé ayò náà wá ká jọ tú u.